Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Níwájú Adájọ́

Williamsville, mardi 14 novembre 1967

Inú ń bí mi, n ò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí.

Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń kọ́ Bàbá: "Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ máa pe adájọ́ ní Monsieur le Président." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ wọn ní kóòtù báyìí, gbọọrọ ni wọ́n nà sílẹ̀ níwájú adájọ́. Agbádá funfun tí mo fọ̀ láná!

Adájọ́ náà, tí kò dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, yíjú sí mi torí èmi ni mo ń túmọ̀. Ó fi Faransé bi mí pé: "Ṣebí bàbá yín ní òun kọ́ ló wó ògiri aládùúgbò? Kí ló wá ń tọrọ àforíjì fún?"

Mo ní, "Monsieur le Président, bí a ṣe ń kí àgbà àti aláṣẹ nìyẹn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló dé tí ìwọ wà lórí ìdúró?"

Bí mo bá kúnlẹ̀, á ní àwa méjèèjì ti jẹ́wọ́. Bí n ò bá kúnlẹ̀, mo ti sọ Bàbá di òpùrọ́. Mo kàn dúró bí òpó.

Wọ́n sún ẹjọ́ sí vendredi, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ fún Bàbá, mo kúnlẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Wọn ò tilẹ̀ wo abọ́.

"Dìde," wọ́n ní. "Tọ́jú orúnkún yẹn di vendredi."