Àwòrán Àdúgbò Yín Tí Wọ́n Mú Wá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ńkọ́? Ara mi le díẹ̀, àfi orúnkún tó ń dùn mí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bà jẹ́ o. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò bàbá rẹ ṣì yàn mí lódì nítorí ààlà oko, má dá a lóhùn bó bá pè ọ́.

Ọkùnrin méjì kan wá láti ọ̀dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àdúgbò tí bàbá rẹ kọ́lé sí ti ń kú lọ, àwọn fẹ́ jí i dìde. Mo ní ta ló sọ pé ó ń kú, ṣebí ọmọ mi ń ránṣọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orúkọ mi ló wà lórí ìwé ilé látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kí n tẹ̀ka síbi mẹ́ta. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà láàyè ni, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó hàn.

Wọ́n fún mi ní àwòrán bí àdúgbò náà yóò ṣe rí. Ó rẹwà, títì mọ́ tónítóní, igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé awò mi sójú, mo ń wá ọ. Mo wá pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo wá ọkùnrin tó ń ran bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, mo wá fèrèsé tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, n ò rí ìkankan. Àwọn tó ń rìn níbẹ̀, n ò mọ ẹnì kan nínú wọn. Mo ní bóyá ọjà lo lọ nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán.

Tíṣà ẹ̀yìnkùlé wa ló ka ẹ̀dà ìwé tí mo tẹ̀ka sí, tí wọ́n fi sílẹ̀, fún mi lánàá, torí èdè ìjọba ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tó kà á tán, ó tún un kà. Ó wá bi mí pé, “Ìyá, ṣé ọmọ yín mọ̀ sí i?” Ó ní mo ti gbà kí wọ́n wó ilé náà, pé kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí ni kí ẹ ti kó jáde. Mo sọ fún un pé kò kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwòrán yẹn ni mo ń wò. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, kí n wá sọ fún wọn pé n ò ṣe mọ́, kí n sì tẹ ìka mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀ kó pa á rẹ́. Bí ọ̀kan kò bá tó, mo ṣì ní mẹ́sàn-án tí n ò tíì tẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ. Kò ní jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tèmi ni yóò lé ọ jáde nílé bàbá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.