Àga Tí Ẹnìkankan Ò Jókòó Lé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o. Ara mi le, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ lílọ̀, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ má ṣèyọnu.

Lánàá ni àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi gba ife bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún un láàárín ara wọn, wọ́n fi ẹ̀wù rẹ̀ bo ẹ̀yìn àga náà. Ẹnìkankan ò jókòó síbẹ̀ títí eré fi parí. Olùkọ́ wọn wá gbé ẹ̀wù náà àti àmì-ẹ̀yẹ fún mi. Ó ní, "Bàbá, tirẹ̀ rèé. Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Ó bú sẹ́kún, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Tèmi ò wá.

Nígbà tí mo délé, mo fọ ẹ̀wù náà. Mo ti lọ̀ ọ́ tán kí n tó rántí pé òórùn ọmọ náà wà lára rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ní ti Màámi tí wọn ò tíì gbọ́, tí wọ́n bá tún béèrè ọkọ wọn kékeré, ẹ ṣáà sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife.

Àbúrò yín ni.