Lárà Tí Kì Í Là Nínú Oòrùn

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé ibẹ̀ o. Ọyẹ́ ti dé sí Òkìtìpupa, ètè gbogbo wa ti ń bó, mo sì jókòó sórí àpótí létí oko láti kọ ìwé yìí sí yín. Ẹ̀rín á pa yín tí ẹ bá gbọ́ pé lárà ni mo ń gbìn jẹun. Lárà yìí náà tó ń hù lórí ààtàn, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ń wá òróró rẹ̀ fún ọ̀dà, fún ọṣẹ, fún ẹ́ńjìnnì, àwa sì ń fi akọ ọ̀kan gun abo òmíràn títí a ó fi rí irú tó dára.

Oòrùn ló ń dá wa lágara. Bí èso lárà bá gbẹ lórí igi, á là pàà, kóró á fò wọ inú koríko, ó parí. Nítorí náà, a máa ń sáré ká a kó tó gbẹ, a ó wá sá a sórí tapólì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá irú tí kì í là, tí mi ò rí i. Báwo ni mo ṣe máa rí èyí tó lè fara da oòrùn, nígbà tí n kò fi ọ̀kankan sílẹ̀ fún oòrùn? Ọ̀gá wa ti sọ pé bí kò bá sí àyípadà, ẹ̀gẹ́ la ó gbìn sórí ilẹ̀ náà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí yín. Ẹ má bínú sí mi, Ìyá mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ kì í tètè dé ibì kankan. Bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ ni sùtánà yín máa ń yọ lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lárà tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ ó ti lọ fọ epo pupa ní Akotogbo, gbogbo àdúgbò á ti ká tiwọn, tiyín á ṣì wà lórí igi. Èyí tó bá là, tó hù, ẹ ó fà á tu mọ́ koríko. Èyí tó bá ṣì pa ẹnu dé nígbà tí ẹ bá dé, òun lẹ máa ń ká, ẹ ó fi òróró rẹ̀ pa orúnkún Bàbá, ẹ ó sì tọ́jú ẹ̀kúnwọ́ kan fún gbígbìn. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó bí mi pàápàá. Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ nínú ìwé nìyẹn. Orí mi wú nígbà tó yé mi.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo fi àdá gé àwọn lárà yẹn lulẹ̀ nígbà ìsìnkú yín, kí wọ́n lè rí àyè ta kánópì. Mo sáré lọ bá àbúrò yín ní Ìjù-Odò. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn balùwẹ̀ wọn, igi lárà yín kan dúró níbẹ̀ gbọnin.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ní kí n má kánjú ká a.”

Ìyá mi, ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà?

Mo fi òdòdó lárà tiyín pàdé tiwa, mo fi àpò bébà bò ó. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jáde, gbogbo wọn ló là. Mo jókòó sáàárín ebè, mo sunkún. Síbẹ̀, mo ṣa kóró wọn, mo tún un gbìn. Lónìí ni mo rí àwọn ọmọ-ọmọ. Púpọ̀ ń là pàà-pàà yí mi ká, ṣùgbọ́n ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n gbẹ bí igi ìdáná, kóró ń mì nínú wọn, wọn kò là. Ọmọ mi obìnrin tí ẹ kò rí ń rìn bíi yín gẹ́lẹ́, bí ẹni pé kò sóhun tó ń lé e, bẹ́ẹ̀ èmi kò rìn bẹ́ẹ̀ rí. Ohun ìyanu ni Ọlọ́run ń ṣe. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà mi láàárín oko, bí ẹni wọ ilé àdúrà. Ọ̀gá wa náà rí i, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ mọ́.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún yín rí. Lọ́jọ́ tí mo gbàwé ẹ̀rí ní yunifásítì, wọ́n ti ń kó àga kí ẹ tó dé. Mo rí yín láti inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi, oúnjẹ púpùrú lọ́wọ́ yín, eruku lára aṣọ yín, tí ẹ ń wá mi kiri. Ojú tì mí, n kò ní kí ọkọ̀ dúró. Nígbà tí a pàdé nílé, mo bínú sí yín pé ẹ pẹ́, ẹ sì bẹ̀ mí.

Ẹ kò pẹ́, Ìyá mi. Èmi ni n kò dúró.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sùúrù.