Iyán Tí Mo Gún fún Àwọn Ará Inú Tẹlifóònù

Amandine ọmọ mi,

Ṣé o jí ire nínú ariwo Kùtọnú yẹn? Ṣé ikọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Màríà Arigbo, Ìyá wa inú ihò àpáta Dásà, kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Àwa wà ní Kèrè níbí, ẹsẹ̀ ṣì ń dun bàbá rẹ, ewúrẹ́ sì ti bímọ.

Ní ti páànù tí ìjì ṣí lórí yàrá mi, tí òjò ń rọ̀ sórí àgbàdo tí a fẹ́ gbìn ní òjò kejì yìí, o ní kí n bẹ àwọn aládùúgbò lọ́wẹ̀. Mo ní ta ni yóò dá mi lóhùn? Ṣé Perpétue aya Grégoire tó múlé tì wá, tí iyọ̀ lásán kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwọ wá fi àwòrán ilé náà han ẹgbẹ́ ọmọ Kèrè tó wà ní Kùtọnú, nínú tẹlifóònù. Kíá ni àwòrán ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú tẹlifóònù bàbá rẹ, méjì méjì, ní pípa pọ̀, wọ́n kún ojú ẹ̀rọ bámú. Ẹni tó bá ti na ọwọ́ sílẹ̀ báyẹn, iṣẹ́ ló fẹ́ wá ṣe, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò sì bọ́ ọ. Ni mo bá pa adìẹ, mo gún iyán ní Àbámẹ́ta, mo gbé ọtí sódábì kalẹ̀.

Oòrùn kan àtàrí, a ò rí wọn. Bàbá rẹ gun alùpùpù zẹ́mìjàn lọ wò wọ́n ní ìkóríta Dásà, kò bá ẹnì kankan.

Perpétue gbọ́ ìró odó, ó yọjú, ó bi mí pé ta là ń retí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó padà sílé. Mo ní ó parí nìyẹn. Àfi bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe gbé àkàsọ̀ àti ìṣó dé, tàwọn ti páànù tí wọ́n rà fún ilé adìẹ wọn, àwọn àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òrùlé ti bò.

Ibi tí a ti ń jẹun ni Perpétue ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò pe òun láti ọjọ́ tí ìjì ti jà. Ojú tì mí. Ó ní òun náà fẹ́ pè mí kí n wá bá òun hú ẹ̀pà, òun rò pé n kò ní gbà, ẹ̀pà ọ̀hún sì ti ń rà sílẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Bá mi kí àwọn ọlọ́wọ́ Kùtọnú, sọ pé a ti jẹ iyán wọn. Ẹni tí kò bá lè wá, kó tètè máa ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra páànù padà fún Perpétue. Bí kò bá sí, má fi ọwọ́ ránṣẹ́ o.

Ọlọ́run yóò bá ọ ṣílẹ̀kùn tí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti kàn. Mo dúró níbí, Perpétue ń retí mi lóko ẹ̀pà.

Èmi ìyá rẹ,
Lucienne