Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Ta Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé èrò láti Òjóò sí Agbowó. Ilé-iṣẹ́ tuntun kan ní Bódìjà fẹ́ gbà á kó máa fi ọ̀kadà wọn gbé oúnjẹ fún oníbàárà; àwọn oníbàárà ò ní san owó ìgbéwá rárá, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà á máa san owó oṣù fún un. Ó fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ náà, kó fi owó rẹ̀ gbéyàwó.

Mo ní, "Bùọ̀dá mi, tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ fún oníbàárà, níbo lowó oṣù yín á ti máa wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn olówó òkè òkun ló ń kó o wá. Ìwọ purofẹ́sọ̀ ilé wa, ṣé owó wọn máa tán ni?"

Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà ní yunifásítì. Wọ́n kọ́ wa pé tí èlé orí owó yíyá bá kéré lókè òkun, àwọn olówó máa ń náwó sórí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; tí èlé bá ga, wọ́n á dáwọ́ dúró, ilé-iṣẹ́ náà ò sì ní rí owó oṣù san mọ́. Wọn ò kọ́ wa ní ọjọ́ tí èlé yóò ga.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀. Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi, torí èmi nìkan ló wà ní yunifásítì. Ṣé kí n ní kó má tà á, àbí kí n jẹ́wọ́ pé mi ò mọ ìgbà tí owó wọn máa dáwọ́ dúró?