Ìkòkò Ọbẹ̀ Tí Kò Ní Edé

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ọ̀nà Oko-Ọsàn,
                                        Fìdítì,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Fàsílátù, Ìyá Sìrájù, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá mi,

Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ sì kú ìfaradà òùngbẹ nínú oòrùn yìí. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹsẹ̀ Bàbá Sìrájù ńkọ́? Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní wọ́n ti ń bá a wọ́ ọ, ó sì ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí láì di ọ̀pá mú. Mo bá yín dúpẹ́. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ò ń sinmi díẹ̀, àbí ìwọ lo ṣì ń jí ṣáájú gbogbo ilé tí o sì ń sùn kẹ́yìn wọn? Àwa níbí wà dáadáa. Bàbá Ìyìn wà lóko. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ àgbàdo bí ẹni pé ó ti gbó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà ń bẹ, wọ́n ṣì ń pariwo.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí àlàyé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o pè tí mo kàn sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ Ìyìn ti yanjú. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù tó máa ń já lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, apá kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ń tì mí láti fẹnu sọ. Ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́. Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó kà á.

O rántí pé ara Ìyìn kì í gba edé. Báwo lo ṣe máa gbàgbé? Ilé tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Ìlọrà ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí ojú rẹ̀ wú títí a ò fi rí ẹyinjú rẹ̀ mọ́, tí o gbé e gun ọ̀kadà láì wọ bàtà. Láti ọjọ́ náà ni edé ò ti wọ ilé ìdáná mi mọ́.

Nígbà tó wọ yunifásítì lóṣù kẹwàá, inú wa dùn púpọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà jìnnà sí wa, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni nínú mọ́tò. Wọ́n fún wa ní ìwé òfin kékeré kan, èmi àti bàbá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbé inú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ, kó sì máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní káfítéríà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dáná nínú yàrá, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ sísè wọlé láti ìta. Mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Wọ́n ní yàrá kan ti jó rí nítorí sítóòfù, tíṣà sì ni mí, mo mọ ohun tí òfin wà fún. Fọ́ọ̀mù ìlera wà lára àwọn ìwé tí a kọ nǹkan sí. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan edé, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó kà á.

Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, Ìyìn lọ bá obìnrin tó ń bu oúnjẹ, ó béèrè èwo ni kò ní edé. Obìnrin náà ní gbogbo ọbẹ̀ ló ní in, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó lé lẹ́gbẹ̀rún ni àwọn ń bọ́, àwọn ò lè máa se ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó lọ bá mẹ́trọ́ọ̀nù họ́sítẹ́ẹ̀lì, Ìyáàfin Olúbùkọ́lá, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa dáná tòun. Ìyẹn ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bóyá òun lè dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà kí òun máa jẹun níta, wọ́n ní kò ṣeé ṣe fún ọmọ ọdún àkọ́kọ́. Bí ọmọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrẹ́dì àti gààrì gbé ọjọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ìrẹsì funfun láìsí ọbẹ̀, àti ẹyin sísè lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní in. Kò sọ ohunkóhun fún wa. Nígbà tó wálé fún Kérésìmesì, mo rí egungun èjìká rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, mo ní ìwé kíkà ló pọ̀ jù fún un.

Lóṣù kìíní, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wà níwájú kíláàsì, mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ni fóònù mi dún. Ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ ohùn rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní Haneefah lorúkọ òun, pé yàrá kan náà ni òun àti Ìyìn ń gbé, àti pé kí n má bẹ̀rù. O mọ bí ọkàn ṣe máa ń ṣe bí ẹni tí o ò mọ̀ rí bá ní kí o má bẹ̀rù. Ẹ̀wà ni wọ́n sè lọ́jọ́ náà. Ìyìn béèrè bóyá edé wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kò sí. Wọn ò purọ́ fún un. Ṣíbí tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀ ni wọ́n fi bu ẹ̀wà rẹ̀. Kó tó dé yàrá, ètè rẹ̀ ti wú, ọ̀fun rẹ̀ sì ti ń há. Haneefah ló gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, tó fà á dé ilé ìwòsàn ọgbà, tí wọ́n fi gún un lábẹ́rẹ́ méjì.

Mi ò mọ bí mo ṣe gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti wà lẹ́bàá títì, tí mò ń dá mọ́tò dúró, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo débẹ̀, Ìyìn ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Kò sọkún, ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ebi ọjọ́ yẹn nìkan ló ń wí. Mo béèrè, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é lálaalẹ́ láti béèrè ohun tó jẹ.

Apá tí ojú ń tì mí ló kàn báyìí. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó padà sílé, mo yà sọ́jà, mo ra sítóòfù oníná kékeré kan tí kò ju àwo ìjẹun lọ. Mo fi ìró mi wé e, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, mo kó ọṣẹ àti ìwé lé e lórí. Mo kí pọ́tà tó wà lẹ́nu géètì, mo béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n kọjá láì tú ẹrù mi wò, nítorí ó rí mi bí ìyá. Èmi tí mo máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì. Ìyìn kò fẹ́ gbà á. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà fọwọ́ sí ìwé yẹn." Mo ní òun ni mo bí, mi ò bí ìwé òfin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rí oúnjẹ gidi jẹ. Lẹ́yìn náà ni mẹ́trọ́ọ̀nù wá yẹ àwọn yàrá wò ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti rí sítóòfù náà. Ó béèrè ẹni tó ni ín. Haneefah fẹ́ sọ pé àwọn jọ ni ín ni, kó lè bá a pín ẹ̀bi náà, ṣùgbọ́n Ìyìn ti yára sọ pé òun nìkan ni. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ṣe wí, ẹni tí wọ́n bá ká irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ á kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí sáà á fi parí. Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ò sì gbọ́dọ̀ gbé ìta. Ìyẹn ni pé yóò palẹ̀ ẹrù mọ́ wá sílé, ọdún kan gbáko á sì lọ lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí òbí rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù kejì.

Bàbá Ìyìn fẹ́ bá mi lọ, mo ní kó jẹ́ kí n dá lọ. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé èmi ni mo ra nǹkan náà. Ìdíkọ̀ ni mo ti sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, nígbà tí mo ti wà nínú mọ́tò. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó wá ní, "Lọ sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí." Ó ra ọsàn mélòó kan, ó kó o lé mi lẹ́sẹ̀, mọ́tò sì gbéra.

Àwọn mẹ́ta ni mo bá lórí ìjókòó. Dókítà Olúkáyọ̀dé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni olórí wọn. Mẹ́trọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, àti ọ̀gá àwọn alásè, Ọ̀gbẹ́ni Amos, àgbàlagbà ọkùnrin kan tí ẹ́púrọ́ọ̀nù ìdáná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sítóòfù mi wà lórí tábìlì níwájú wọn. Ìyìn dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Mẹ́trọ́ọ̀nù ka ẹ̀sùn náà. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kì í yọ òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n igba ọmọbìnrin ló ń sùn lábẹ́ òrùlé òun, òun sì wà níbẹ̀ lọ́dún tí yàrá jó. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ló ń bá a jà. Dókítà wá bi Ìyìn pé níbo ló ti rí sítóòfù. Ọmọ mi ní òun lòun rà á lọ́jà.

Fàsílátù, ọmọ náà ń purọ́ láti bò mí láṣìírí, mo sì jókòó, mò ń wò ó. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nítorí mi ló ṣe ń purọ́. Èmi ni mo rà á. Èmi ni mo fi ìró wé e gba ẹnu géètì yín kọjá. Tí ẹnì kan bá máa jìyà rẹ̀, kì í ṣe òun."

Dókítà béèrè ohun tó gbé mi débẹ̀, mo sì rò fún wọn láti orí fọ́ọ̀mù dé orí ṣíbí ẹ̀wà. Mo ní mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe lè jó ilé mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí, mi ò sì wá síbẹ̀ láti sọ pé mo ṣe dáadáa. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi ohun tó yẹ kí ìyá ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Amos, tí kò tíì lanu láti ìgbà tí a ti jókòó, béèrè pé fọ́ọ̀mù wo ni mò ń wí. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mú fáìlì Ìyìn dé. Ọkùnrin náà gbà á, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án rèé tí òun ti ń se oúnjẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sí ilé ìdáná rí. Ó ní, "Ìgbẹ̀yìn ni mo máa ń da edé sọ́bẹ̀. Kí n tó dà á, kí ló ní kí n má bu ìkòkò kan sọ́tọ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni." Ó wá yíjú sí Ìyìn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní sọkún níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàlagbà yẹn ń bẹ ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní ká lọ jókòó síta. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, èmi àti Ìyìn, ó bó ọsàn kan, ó fún mi ní ìdajì. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, Dókítà ní Ìyìn ò ní kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gba sítóòfù, wọn ò ní dá a padà. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ sínú fáìlì rẹ̀, wọ́n á sì yọ ìkìlọ̀ náà kúrò bí sáà bá parí láìsí ẹ̀sùn mìíràn. Èmi ní tèmi, kí n kọ lẹ́tà àforíjì sí mẹ́trọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ ọ́, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó kà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó ní, "Màmá Ìyìn, tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá ṣe." Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ bí mo ṣe ń jáde lọ́gbà náà. Mo sùn nínú mọ́tò títí a fi dé Fìdítì.

Láti ọjọ́ kejì ni ìkòkò kan ti wà ní káfítéríà tó ní ìdérí pupa, tó sì ní ṣíbí tirẹ̀. Kì í ṣe Ìyìn nìkan ló ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú fọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ ọdún àkọ́kọ́ wò, wọ́n rí àwọn mọ́kànlá mìíràn tí ara wọn kì í gba oúnjẹ kan tàbí òmíràn, tí wọ́n ti ń pa á mọ́ra. Nígbà tí ààwẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, Haneefah náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Amos, torí aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti káfítéríà, nígbà tí kò tíì tó àsìkò ìṣínu. Wọ́n ti ń fi oúnjẹ àwọn aláàwẹ̀ sínú kúlà dè wọ́n báyìí.

Bá mi kí Bàbá Sìrájù dáadáa, sọ fún un pé kó má tíì máa sáré. Kí Sìrájù àti ìyàwó rẹ̀. Bàbá Ìyìn ní kí n kí gbogbo yín, pé àgbàdo yín ti wà nínú èyí tí òun ń gbìn. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún ìtúnu, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyọ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo jẹun, mo jókòó ti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, oorun sì gbé mi lọ lórí àga. Fóònù ló jí mi. Ìyìn ni. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kò sí o? Ẹ ò pè mí láti béèrè ohun tí mo jẹ." Mo ní mo gbàgbé ni. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àbí o ò rí nǹkan, Fàsílátù? Mo gbàgbé.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
                                        Rachel, Ìyá Ìyìn.