Ẹrẹ̀ Tí Kò Gbọ́dọ̀ Rí Iná

Màámi,

Ẹ kú àtijọ́. Ara mi le koko, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ ní kí ni mò ń fi ẹrẹ̀ etí òkun ṣe. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí! Ewé wẹ́wẹ́ kan, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ, ló máa ń hù lójú ẹrẹ̀ náà. Òun ló ń jẹ ọ̀rá ilẹ̀ kó tó tú sínú omi. Tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀, á kú, ọ̀rá á tú jáde, omi á sì bàjẹ́ mọ́ ẹja lára.

A wá bu ẹrẹ̀ sínú ìgò, a gbé díẹ̀ sínú oòrùn, a gbé ìyókù sínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti inú òkùnkùn náà tún hu ewé! Ẹnu ya ọ̀gá wa. Wọ́n ní, "Ta ló ń tan iná níbí?"

Ṣé kí n ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi ni mo tan iná wá lóru? Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá bu ẹrẹ̀ tuntun, màá tún un ṣe." Mo sì tún un ṣe, ó gún régé. Ta ló tó mi ṣe é? Mo ti ń wọṣọ nínú òkùnkùn báyìí, bọ́tìnnì kan kì í ṣìnà.

Ẹ má fi ẹrù ránṣẹ́ sílé mi àtijọ́ mọ́ o, ibi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ bá mi kí Bàámi àti gbogbo ilé. Ẹ sọ fún wọn pé yàrá mi tutù, ó sì pa rọ́rọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ máa pè mí. Lóru, fóònù mi máa ń tan iná sára àwọn ìgò.

Èmi ọmọ yín.